Dróònù Àkọ́rà: Èwo Ni Kí Olùbẹ̀rẹ̀ Mú?

Láti bí oṣù mélòó kan ni ìbéèrè kan ti ń tọ̀ wá wá lemọ́lemọ́: “Dróònù wo ni kí n kọ́kọ́ rà?” Ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń bèèrè, nítorí pé ó fẹ́ mọ bí ohun tí kò ní ìyẹ́ ṣe ń dúró gbagidi lójú òfurufú. Ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti odò ń bèèrè, nítorí pé ó fẹ́ ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pọ̀ jù lọ ni àwọn tí ó ti rí i níbi ìgbéyàwó ní ilé, tí wọ́n rí bí ó ti ń ká àwọn aláṣọ ẹbí mọ́ inú àwòrán kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ti ń fi ọkàn ṣírò iye tí wọn yóò máa gbà lóde ìnáwó.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. A ó dáhùn ìbéèrè náà lóṣù yìí bí agbára wa ti mọ. Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a sọ fún yín pé ìbéèrè náà kò tíì pé. Ó dà bí ẹni tí ó wọ ọjà tí ó ní, “Aṣọ wo ni kí n rà?” láì sọ bóyá oko ni òun ń wọ̀ ọ́ lọ tàbí òde. Ohun mẹ́ta ni kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Níbo ni n ó ti máa fò ó? Èló ni mo lè pàdánù tí ilé ìgbé àti oúnjẹ mi kò ní í bàjẹ́? Ìbéèrè kẹta yìí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé dróònù àkọ́rà ni ó máa ń já lulẹ̀ jù. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí tirẹ̀ já lulẹ̀ rárá, kí ó fi í sínú páálí rẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń GBÉ E DÚRÓ

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, akọ oyin ni ìtumọ̀ “drone”, èyí tí kì í wá oúnjẹ wálé, tí kò sì ní oró tí ó lè fi ta ènìyàn. Ní ọdún 1935 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọkọ̀ òfurufú kan tí kò ní awakọ̀ nínú, tí wọ́n ń fi rédíò darí láti ilẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun lè fi kọ́ bí a ti ń yìnbọn fún ohun tí ń fò. Queen Bee ni wọ́n sọ ọ́, èyíinì ni ayaba oyin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti ibẹ̀ ni orúkọ akọ oyin ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tí ń fò láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀.

Dróònù tí ẹ óò rí ní ṣọ́ọ̀bù lónìí sábà máa ń ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin. Méjì ń yí sí ọ̀tún, méjì ń yí sí òsì. Bí gbogbo wọn bá yí sí apá kan náà, ara dróònù fúnra rẹ̀ yóò máa pòòyì sí apá kejì bí òkòtó. Bí a bá fẹ́ kí ó lọ síwájú, abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì a yára ju ti iwájú lọ, ara rẹ̀ a tẹ̀ síwájú díẹ̀, a sì gbéra. Bí a bá fẹ́ kí ó yíjú padà, àwọn méjì tí ń yí sí apá kan a yára ju àwọn méjì kejì lọ. Kò sí ènìyàn tí ọwọ́ rẹ̀ lè yá tó láti ṣe ìdọ́gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Tiwa kò ju kí a sọ ibi tí a ń lọ fún un lọ.

Kọ̀ǹpútà náà kò lè ṣe é láìsí ojú àti etí. Ohun kan wà nínú dróònù tí ó ń mọ̀ bí ara bá tẹ̀. Òmíràn ń wọn bí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ tó kí ó lè mọ̀ bí òun ti ga tó. Nínú àwọn tí ó dára, kámẹ́rà kékeré wà ní ìsàlẹ̀ ikùn tí ń wo ilẹ̀, GPS sì wà tí ń gbọ́ ìró láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì kí ó lè mọ ojú ibi tí òun wà. Ibí yìí ni ìyàtọ̀ ńlá wà fún olùbẹ̀rẹ̀. Dróònù tí ó ní GPS, bí ẹ bá jọ̀wọ́ ọ̀pá ìdarí rẹ̀, yóò dúró síbi tí ó wà, yóò máa retí yín. Èyí tí kò ní, afẹ́fẹ́ yóò máa gbé e lọ bí ìwé tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, àfi bí ẹ bá ń fà á bọ̀ ní gbogbo ìgbà.

ÌWỌ̀N RẸ̀ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ

Ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ wo kámẹ́rà. Àwa ní kí ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n, nítorí pé ìwọ̀n ni òfin Ìlú Ọba fi ń pín dróònù. Àjọ tí ń mójútó ọ̀ràn ọkọ̀ òfurufú níhìn-ín, CAA, ni ó ń fi òfin náà múlẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí dróònù rẹ̀ kò tó gíráàmù 250 kò ní láti ṣe ìdánwò kankan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ààlà náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí gíráàmù 100. Ẹni tí yóò fò dróònù tí ó wọn gíráàmù 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní Flyer ID. Ìbéèrè 40 ni ìdánwò rẹ̀, ẹni tí ó bá gba 30 ti yege. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ọdún márùn-ún ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́.

Ìwé kejì ni Operator ID, èyí tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó ni dróònù. Bí dróònù náà bá tó gíráàmù 100, tí ó sì ní kámẹ́rà, a gbọ́dọ̀ gba ìwé yìí. Bí ó bá tó gíráàmù 250, a gbọ́dọ̀ gbà á, ìbáà ní kámẹ́rà, ìbáà má ní. Ẹni tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, ọdọọdún ni a sì ń san owó rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín ni kí ẹ kọ sí ara dróònù náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ mẹ́ta yé ara wa. Tello, tí ilé iṣẹ́ Ryze gbé jáde ní ọdún 2018, wọn bíi gíráàmù 80, nítorí náà kò sí ìwé kankan tí a ó gbà lé e lórí. Neo, tí ilé iṣẹ́ DJI gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, wọn gíráàmù 135, ó sì ní kámẹ́rà, nítorí náà ìwé méjèèjì ni a ó gbà. Mini 4K, tí DJI kan náà gbé jáde ní ọdún 2024, kò tó gíráàmù 250. Ìwé méjèèjì ni a ó gbà fún òun náà, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára àwọn tí òfin ṣe ní ìrọ̀rùn.

Kí ni ìrọ̀rùn náà? Èyí tí kò bá tó gíráàmù 250 lè fò nítòsí ènìyàn àti nítòsí ilé, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti fò lé orí èrò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra dróònù àlòkù tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì ní àmì ẹgbẹ́ kankan lára, ẹ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ènìyàn tó mítà 50, kí ẹ sì jìnnà sí ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé tàbí tí wọ́n ti ń ṣòwò tó mítà 150. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé àárín ìlú, èyí túmọ̀ sí pé yóò wọ ọkọ̀ ojú irin kí ó tó rí ibi tí yóò ti fò ó. Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun tí a ń so mọ́ ọn. Bátìrì ńlá tí wọ́n ń tà fún Mini 3 àti Mini 4 Pro máa ń gbé wọn kọjá gíráàmù 250, ohun tí a so mọ́ abẹ̀bẹ̀ láti dáàbò bò ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìwọ̀n tí ó gbé lọ sókè ni òfin ń kà.

Fún àwọn tí yóò ra tuntun, ẹ wo àmì ẹgbẹ́ tí ó wà lára rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 ni àmì UK0 títí dé UK6 ti bẹ̀rẹ̀. UK0 ni ti àwọn tí kò tó gíráàmù 250, UK1 sì ni ti àwọn tí kò tó gíráàmù 900. Olùbẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi kọjá UK1 ṣe.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ Ó WÀ

Ọ̀nà kìíní ni ti dróònù kékeré tí a lè fò nínú yàrá. Tello jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Kò ní GPS, afẹ́fẹ́ kékeré sì lè gbé e lọ, ṣùgbọ́n a lè kọ ètò fún un láti orí kọ̀ǹpútà ní Scratch tàbí Python, kí ó gbéra, kí ó yípo, kí ó sì balẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́. Àwa rò pé ohun tí ó dára jù lọ ni èyí fún ọmọ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Bátìrì kan ń gbé e fún bí ìṣẹ́jú 13. Bí ó bá kọlu ògiri, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ abẹ̀bẹ̀ nìkan ni ẹ óò pààrọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti dróònù kámẹ́rà tí ó fúyẹ́. Neo àti Mini 4K wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ní GPS, àwọn méjèèjì sì lè fúnra wọn padà síbi tí wọ́n ti gbéra bí wọn kò bá gbúròó rìmóòtù mọ́. Ìyàtọ̀ wọn nìyí: Neo ní ohun tí ó yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ká, ó lè gbéra láti àtẹ́lẹwọ́, kì í sì í ya ènìyàn lára kíákíá, ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú 18 ni ó ń lò lókè, afẹ́fẹ́ tí ó ju mítà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ sì ti borí rẹ̀. Mini 4K lè fara da mítà 10.7, èyí tí ó tó bíi kìlómítà 38 láàárín wákàtí kan. Wọ́n ní ìṣẹ́jú 31 ni ó ń lò, ṣùgbọ́n ìgbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Nínú afẹ́fẹ́ ilẹ̀ yìí, ẹ máa retí nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, pọ́ùn 169 ni Neo, pọ́ùn 269 sì ni Mini 4K. Owó bátìrì mìíràn kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni rìmóòtù kò sí nínú ti Neo, fóònù ni a óò fi darí rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tí ń fi awò bojú, tí wọ́n ń rí ohun tí dróònù ń rí, bí ẹni pé wọ́n jókòó sínú rẹ̀. FPV ni wọ́n ń pè é. Ó dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó le jù láti kọ́, nítorí pé èyí tí àwọn ọ̀gá ń fò kì í fúnra rẹ̀ tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ ọ̀pá nígbà tí ó tẹ̀, títẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí ó má ṣe kọ́kọ́ ra dróònù rárá. Kí ó ra rìmóòtù tí ó ṣeé so mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó máa fò nínú eré orí kọ̀ǹpútà bíi Liftoff tàbí VelociDrone. Ibẹ̀ ni kí ó ti já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún, nítorí pé kò sí owó abẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé ẹni tí ó bá fi awò bojú gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò máa fi ojú lásán wo dróònù náà.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ẹ bèèrè bóyá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ wà fún títà lọ́tọ̀. Dróònù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní abẹ̀bẹ̀ àpààrọ̀ yóò di ohun ìṣeré ọmọdé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bèèrè irú ẹ̀rọ tí ń yí abẹ̀bẹ̀ náà: àwọn tí ó rọjú jù máa ń lo èyí tí irin rẹ̀ ń ha ara wọn nínú, tí ó sì ń tètè jẹ tán, èyí tí kò ní ìhara náà ń pẹ́ jù, ó sì lágbára jù. Kí ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ “4K” tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́ láìwo àwòrán rẹ̀. Ohun tí ó ń mú àwòrán dúró láìgbọ̀n ni àpá kékeré tí ó gbé kámẹ́rà náà, tí ń yí sí ìhà òdì-kejì bí dróònù bá tẹ̀. Kámẹ́rà tí a kàn lẹ̀ mọ́ imú dróònù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àlòkù kò burú fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà á, ẹ tẹ ikùn bátìrì wò. Bí ó bá ti wú bí àkàrà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo etí abẹ̀bẹ̀ bóyá ó ti sán. Kí ẹ sì rí i pé ẹni tí ó ń tà á ti yọ dróònù náà kúrò lórúkọ ara rẹ̀ níwájú yín, nítorí pé ti DJI máa ń so mọ́ orúkọ olówó rẹ̀. Bí kò bá yọ ọ́, ẹ ti ra ẹrù onítọ̀hún ni, kì í ṣe tiyín.

Ní ti bátìrì, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lórí iná kí ẹ sì jáde lọ, pàápàá ní ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yàrá lé lórí yàrá. Irú bátìrì yìí, bí ó bá gbiná, omi ìkòkò kan kò lè pa á. Bí ẹ kò bá ní í lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kún, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó tán pátápátá. Ìlàjì ni kí ó wà.

BÍ A TI Ń KỌ́ Ọ

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Bátìrì mẹ́wàá àkọ́kọ́ yín kì í ṣe ti àwòrán, ti ẹ̀kọ́ ni. Ẹ wá pápá tí ó tẹ́jú, ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò tíì jí. Ẹ má ṣe gbé e sórí mọ́tò tàbí sórí irin tí wọ́n fi bo kòtò ojú títì kí ẹ tó gbéra, nítorí pé irin máa ń da atọ́ka rẹ̀ rú. Ẹ jẹ́ kí ó rí sátẹ́láìtì tó kí ó tó lọ sókè, kí ó lè mọ ilé tí yóò padà sí. Bí igi bá wà nítòsí, ẹ sọ fún un kí ó máa ga ju igi lọ kí ó tó padà.

Ní àkọ́kọ́, ẹ kàn gbé e dúró ní ìwọ̀n mítà méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un rin igun mẹ́rin, kí ìdí rẹ̀ máa kọjú sí yín. Bí ọwọ́ yín bá ti rọ̀ ṣinṣin, ẹ yí imú rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ara yín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń subú, nítorí pé ọ̀tún yín ti di òsì rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè mú un rìn pẹ̀lú imú rẹ̀ níwájú ara rẹ̀ láìronú lẹ́ẹ̀mejì ti kúrò ní ọmọ ilé ìwé kékeré. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ máa ya òǹkà 8 lójú òfurufú.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọjú sí afẹ́fẹ́ lọ, kí afẹ́fẹ́ lè gbé e bọ̀ wálé nígbà tí agbára rẹ̀ bá ti ń dínkù. Bí bátìrì bá ku 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fò mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí omi, nítorí pé kámẹ́rà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wá ojú àmì lórí ilẹ̀, omi tí ń rìn sì ń tàn án jẹ.

OJÚ Ọ̀RUN TÓ ẸYẸ FÒ, ṢÙGBỌ́N Ó NÍ ÀÀLÀ

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe ẹyẹ. Ní ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2018, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń múra àtilọ sílé fún Kérésìmesì, wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú Gatwick nítorí pé àwọn ènìyàn ròyìn pé àwọn rí dróònù nítòsí rẹ̀. Bí ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ òfurufú ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àwọn èrò tí ó dààmú sì tó 140,000. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ìjọba wá fẹ ààlà tí ó yí àwọn pápákọ̀ òfurufú ká. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ ti lu òfin. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọgbà Docklands ti Yunifásítì East London, London City ni ó wà ní òdì-kejì omi tí ẹ ń wò yẹn. Ibẹ̀ kọ́ ni ẹ óò ti kọ́ ọ.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ má ṣe ga ju mítà 120 lọ. Ojú yín gbọ́dọ̀ máa tó dróònù náà ní gbogbo ìgbà. Wíwò ó lójú fóònù nìkan kò tó. Bí ẹ bá ń fò ó lálẹ́, láti ọdún 2026, iná àwọ̀ ewé tí ń ṣẹ́jú gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ní Hyde Park àti àwọn ọgbà Royal Parks yòókù ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kì í gbà á. Lórí ilẹ̀ National Trust náà, wọn kì í gbà á láìsí àṣẹ. Kí ẹ sì rántí pé fèrèsé ènìyàn kì í ṣe sinimá. Ọmọ àlejò tí àwọn aládùúgbò bá pe ọlọ́pàá sí nítorí pé dróònù rẹ̀ dúró lẹ́nu fèrèsé wọn yóò ṣe àlàyé tí kò ní í tán bọ̀rọ̀.

OWÓ ÒDE ÌNÁWÓ

A padà wá sórí ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú yín, èyíinì ni owó. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kò dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ó máa ṣe láǹfààní. Bí ẹ bá ń fò dróònù fún ìdùnnú ara yín, kò pọn dandan kí ẹ ra ìwé adójútòfò, bí ó tilẹ̀ dára kí ẹ ní in. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gba owó kan ṣoṣo láti fi ya àwòrán ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni, ó ti di iṣẹ́ owó, ìwé adójútòfò sì ti di dandan lábẹ́ òfin. Orí èrò tí ó kóra jọ síta kò sì ṣeé fò lé, ìbáà jẹ́ ọkọ ìyàwó ni ó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ tí ń yí kò mọ gèlè yàtọ̀ sí ewé.

Èyí tí ó burú jù wà lẹ́yìn. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ yìí fàyè gba iṣẹ́ oṣù fún wákàtí tí wọ́n kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fàyè gba kí akẹ́kọ̀ọ́ dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń gba iṣẹ́ àwòrán láti òde kan dé òde kejì, tí ó ń gba owó sí àpò ara rẹ̀, ti dá iṣẹ́ sílẹ̀, ìbáà má ní ọ́fíìsì, ìbáà má ní káàdì. Owó ayẹyẹ kan kò tó ohun tí a lè fi pààrọ̀ ọdún mẹ́ta tí òbí ti ń san owó ilé ìwé. Bí anti tàbí bùrọ̀dá yín bá bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe é fún àwọn, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ṣàlàyé. Ẹni tí ó fẹ́ràn yín yóò gbọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ẹ fi ìsinsìnyí kọ́ ọ dáadáa. Ìgbà tí òfin bá fàyè gbà á, ọwọ́ yín yóò ti mọ́ ọn.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ GBÉ E LỌ SÍLÉ

Ọ̀pọ̀ ń rò pé òun yóò gbé e sínú ẹrù lọ sí Nàìjíríà fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Ẹ dúró ná. Ní ilé, kí a tó gbé dróònù wọlé, a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, tí à ń pè ní ONSA, ìwé tí ó fi hàn ẹni tí yóò lò ó àti ohun tí yóò fi ṣe. Àjọ NCAA náà ní àṣẹ tirẹ̀ lórí fífò rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, kò sì ní ẹjọ́ kan tí yóò rò. Ìdí rẹ̀ kò farasin, nítorí pé àwọn ajìjàgbara náà ń lo dróònù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àwọn ológun tí ń bẹ ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn fòfin de fífò rẹ̀ láìgba àṣẹ ní ìpínlẹ̀ Borno, Yobe àti Adamawa. Bí ó bá jẹ́ ti ìgbéyàwó ni, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ti ní ìwé nílé ṣe é.

Bí ẹ bá sì ń gbé e lọ sí ilẹ̀ tí òfin ti gbà á, bátìrì kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù ńlá. Àpò ọwọ́ ni ibùgbé rẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan bo ẹnu irin rẹ̀. Èyí tí kò bá ju wáàtì 100 fún wákàtí kan lọ kò nílò àṣẹ ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ sọ fóltì di ìlọ́po mAh, kí ẹ sì fi 1,000 pín in. Bátìrì 2,250 mAh tí fóltì rẹ̀ jẹ́ 7.7 yóò fún yín ní 17 lé díẹ̀, ó sì ti wọlé.

ÌDÁJỌ́ WA

Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, tí owó rẹ̀ kò sì tó pọ́ùn 100, kí ó wá Tello àlòkù, kí ó máa kọ ètò fún un nínú yàrá. Ẹni tí ó fẹ́ máa ya ara rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní pápá, kí ó mú Neo. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ bí a ti ń ya àwòrán ilẹ̀ àti ilé dáadáa, tí ó sì lè san owó bátìrì kejì, kí ó mú Mini 4K tàbí irú rẹ̀ tí kò tó gíráàmù 250. Ẹni tí ó fẹ́ sáré bí àṣá, kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń ronú láti fi owó ilé ìgbé ra èyí tí ó wọn kìlógíráàmù kan nítorí pé kámẹ́rà rẹ̀ wù ú, àwa bẹ̀ ẹ́, kí ó sùn kan orí rẹ̀ ná. Bí kékeré bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ńlá kò ní í sá lọ.

Ẹni tí ó bá ti rà á, kí ó ṣe ìdánwò rẹ̀ kí ó tó tú páálí. Bí àwọn tí ó yege bá tó márùn-ún nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ fi orúkọ ránṣẹ́ sí akọ̀wé, kí a lè wá pápá kan tí gbogbo yín yóò ti máa kọ́ ọ pọ̀, kí ẹni tí ó mọ̀ lè kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.